Ilé ìdajì tí mo gbà ní Kàbbà: òjò àná ló ní kí n sọ̀rọ̀

Ọkún o, gbogbo ilé.

Agogo 2 òru àná, bàsíà 3 ni mo gbé sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, níbi tí ògiri ìpele kìíní ti ń dúró de ìpele kejì. Ó ti dúró fún ọdún kan àti oṣù 7 báyìí. Irin tí wọ́n yọ síta pé ibẹ̀ ni yàrá kejì máa ti bẹ̀rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti fa aṣọ iléèwé ọmọ mi ya. Bí mo bá pe ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ́lé náà, ọmọbìnrin kan náà ló máa ń gbé e: "Ẹ má bínú sà, ọ̀gá wà ní sáìtì." Sáìtì wo? Sáìtì ọ̀hún náà ni mò ń gbé!

Ètò ọ̀hún ò burú o. Yàrá kan, pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́; bówó bá tún dé, a ó lẹ ìyókù mọ́ ọn. Arábìnrin tó ya pílánì ní bẹ́ẹ̀ ni Alejandro Aravena, ayàwòrán ilé kan, ṣe ní Iquique, ní Chile, ní 2004: ìdajì ilé ló kọ́, àwọn onílé fúnra wọn ló parí ẹ̀. Mo bi í bóyá Obajana, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wà nítòsí wọn lọ́hùn-ún. (Ó wà nítòsí tiwa, sìmẹ́ǹtì ò sì tìtorí ẹ̀ dínwó.) Ó rẹ́rìn-ín.

Kí n má purọ́, orí arábìnrin yẹn pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan èèkàn, ọ̀kan bọ́ sójú ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbà lọ sọ́jà. Ìyá oníirú kan fà á tu, ó jù ú sínú atẹ, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Àwọn bíríkìlà fẹ́ pariwo. Arábìnrin náà ní kí wọ́n dákẹ́, ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó yọ téèpù. Ó bẹ ìyá pé kó bá obìnrin kan tó ru igi pàdé lójú ọ̀nà náà, kóun wọn ibi tí ẹrù wọn gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 7! Ojú ẹsẹ̀ ló pa pílánì rẹ́, tó fi 8 sílẹ̀, tó gé e lára ilẹ̀ onílé 3. Tèmi wà níbẹ̀, inú ò sì bí mi. Ibẹ̀ ni ìyá ń pàtẹ irú sí nírọ̀lẹ́ báyìí, ibẹ̀ náà la ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Ṣùgbọ́n irú ò ṣeé fi dí òrùlé. Wọ́n ní owó ìpele kejì ò tíì pé. Tèmi ti pé láti oṣù kejì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Àbúrò mi ní Ìsánlú ń wá ẹni tó máa ya pílánì fún un. Mo ti fún un ní nọ́ńbà arábìnrin yẹn.