KeePassXC: àpótí páswọ́ọ̀dù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀fẹ́ ni KeePassXC, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Fáìlì .kdbx kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo páswọ́ọ̀dù yín sí, orí kọ̀ǹpútà yín ló sì wà. Bí dátà tán, ẹ ṣì lè ṣí i.

Páswọ́ọ̀dù àgbà tó ń ti fáìlì náà ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Ọ̀rọ̀ 6 tí kò bára tan, tí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣà jọ, sàn ju orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí lọ fíìfíì. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí ẹ máa pè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé.

Orí fóònù ló ti ń súni. KeePassXC kò ní ti fóònù rárá: KeePassDX, áàpù mìíràn tó ń ṣí fáìlì .kdbx, lẹ máa lò lórí Android, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì máa gbé fáìlì náà kiri, bóyá nípasẹ̀ Google Drive. Bí ẹ bá tún un ṣe lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà lákòókò kan náà, ẹ̀dà méjì tó yàtọ̀ síra lẹ máa bá. Nínú KeePassXC lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Database, lẹ́yìn náà Merge From Database, kí ẹ fi pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí kò ráyè wàhálà yìí, Bitwarden ni kó mú, àpótí páswọ́ọ̀dù mìíràn tó ń gbé páswọ́ọ̀dù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn fúnra rẹ̀.