piwheels fún Raspberry Pi: ó gbà wá lọ́wọ́ compile, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹ ní kí pip, irinṣẹ́ tó ń fi package Python sórí ẹ̀rọ, compile OpenCV, package iṣẹ́ àwòrán (ìyẹn ni pé kó sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò), lórí Pi Zero tí RAM rẹ̀ kò ju 512MB lọ: ilẹ̀ á ṣú, RAM á kún, Linux á sì pa iṣẹ́ náà kó tó parí. Ìyà yẹn ni piwheels, iṣẹ́ ọwọ́ Ben Nuttall àti Dave Jones, mú kúrò. Raspberry Pi gan-an ni wọ́n fi ń compile àwọn package sílẹ̀ de yín; wheel ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ti compile bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Lórí Raspberry Pi OS 32-bit, ẹ ò ní ṣètò nǹkan kan. Ìlà yìí, tó ń darí pip sí piwheels, ti wà nínú /etc/pip.conf:

extra-index-url=https://www.piwheels.org/simple

Láti Bookworm, ẹ̀dà Raspberry Pi OS tó tẹ̀lé Bullseye, pip lè kọ̀, kó ní externally-managed-environment. Ẹjọ́ piwheels kọ́ o. Ẹ dá àyè Python ọ̀tọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú python3 -m venv ise, lẹ́yìn náà source ise/bin/activate.

Bí pip bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo orúkọ fáìlì. Ó yẹ kó parí sí linux_armv6l.whl lórí Zero àkọ́kọ́, armv7l lórí Pi 3. Bó bá jẹ́ .tar.gz, ìyẹn kóòdù tí wọn ò tíì compile, tí “Building wheel” sì tẹ̀lé e, ẹ tẹ Ctrl+C kíá. Python tí kì í ṣe ti OS ló sábà ń fà á: 3.9 ni ti Bullseye, 3.11 ni ti Bookworm. Ẹni tó fi pyenv, irinṣẹ́ tó ń gbé Python mìíràn wọlé, gbé 3.12 sórí Bookworm ti já ara rẹ̀ sóde. Bó bá sì jẹ́ pé version tuntun ni kò tíì ní wheel, --prefer-binary á mú èyí tó ti ní.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni kí install yege, kí import numpy wá ní:

libopenblas.so.0: cannot open shared object file

Wheel piwheels kì í di irú library bẹ́ẹ̀ mọ́ra. sudo apt install libopenblas0 ló ń yanjú rẹ̀. Ojú ewé package kọ̀ọ̀kan lórí piwheels.org to ohun tí apt máa mú wá síbẹ̀, àwọn tó ń kà á ni kò pọ̀.

Àléébù tòótọ́ ni ti hash, àmì tí pip fi ń mọ̀ pé fáìlì náà gan-an ni ó gbà. Bí requirements.txt yín, fáìlì tó to package tẹ́ ẹ fẹ́, bá ní kìkì hash ti PyPI (ibi tí pip ti sábà ń gba package), pip ò ní gba wheel piwheels, á sì padà sídìí compile tẹ́ ẹ̀ ń sá fún. Ẹ fi hash ti piwheels kún un.

Ẹ má fi uname -m mọ̀ bóyá 64-bit ni tiyín. Pi 4 tó ń lo OS 32-bit lè dáhùn aarch64, ìyẹn 64-bit, nítorí kernel rẹ̀, ìpìlẹ̀ OS náà. Ẹ bi dpkg --print-architecture. Bó bá ní armhf, piwheels wà fún yín. Bó bá ní arm64, PyPI fúnra rẹ̀ lẹ ti máa rí wheel.