Kóòṣì tó kọ̀ láti tètè gbé ọmọ mi sókè: ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé lọ́nà Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́

Tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi wọn pápá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ télọ̀ mọ̀ pé ínǹsì 60 ni tépù wa. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù lọ́mọ ọdún 12, ibi tó ń dúró sí jìnnà sí ibi tí ẹni tó mú igi dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 46. Tépù mẹ́sàn-án àti ínǹsì 12 nìyẹn. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ ọ gbé e lọ sáàárín àwọn ọmọ ọdún 17 àti 18, tí wọ́n ń jù ú láti ibi tí àwọn àgbà ti ń jù ú: ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹsì 6. Tépù 12, ó tún lé ínǹsì 6. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tépù mẹ́ta kún ọ̀nà náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, apá tí ọmọ mi sì gbé wá láti ilé kò yí padà.

Ibi kejì tá a lọ ni mo fẹ́ sọ fún yín bó ṣe rí, torí pé àwọn òbí mélòó kan ní Ìsìnkàn àti Ìjàpọ̀ ti ń bi mí. Àmọ́ tí mi ò bá sọ ti àkọ́kọ́, ẹ ò ní mọ ìdí tí ti kejì fi dùn mọ́ mi tó báyìí.

Mi ò ní dárúkọ ibi àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ mi, èmi náà rí i. "Ọmọ yìí lápá" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá wò ó. Inú mi dùn débi pé mo rán ẹ̀wù fún un, mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, òun ló máa ju bọ́ọ̀lù títí tó fi máa parí. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀yìn ẹni tó mú igi kó máa gba bọ́ọ̀lù, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù padà láti ibẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ń ka iye tó jù. Èmi náà ò kà á.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdé kan, mo bá a nídìí oúnjẹ, ọwọ́ òsì ló fi ń mú àkàrà. Mo bá a wí gidigidi. Ó dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ọ̀tún ò ṣeé ká dé ẹnu." Mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó sì ṣàlàyé fún mi pé kò kán. Ó ní nínú ìgúnpá ọmọdé, apá kan wà tí egungun ti ń dàgbà, tí kò tíì le bíi ti àgbàlagbà. Bí ọmọ bá ń ju nǹkan léraléra, iṣan á máa fa ibẹ̀, ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kó má ju ohunkóhun, títí kan òkúta ìdí máńgòrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn pẹ́ lójú mi ju oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi lóyún rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ẹnì kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ló júwe ibi kejì. Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́nà Ọ̀bá-Ilé. Aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni, 8,000 náírà lóṣù. Kóòṣì náà ò ju ọjọ́ orí àbúrò mi ìkẹyìn lọ. Mo rò pé ó máa ní kí ọmọ ju bọ́ọ̀lù kó lè rí bó ṣe yára tó. Kò bèèrè ìyẹn rárá. Ó ní kó fi ìka hàn òun ibi tó dùn ún, ó bi í bóyá ó máa ń dùn ún lálẹ́ tàbí láàárọ̀, ó bi èmi iye bọ́ọ̀lù tó máa ń jù tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dáhùn. Kò wò mí bí ẹni tó jẹ̀bi, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, jíju bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ sí ẹni tó wà nítòsí ni iṣẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lú sísáré àti fífi ẹsẹ̀ àti ìdí ti ara síwájú kí gbogbo agbára má bàa wá láti apá nìkan.

Torí ìwé onílà yẹn ni mo ṣe ń san owó mi. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ọmọ kan. Ọmọbìnrin kan ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú bírò, ó ń fa igi mẹ́rin, ó ń fi ìkarùn-ún dábùú wọn, bí àwọn tó ń ka àpò sìmẹ́ńtì ṣe ń ṣe. Wọ́n lẹ ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Pitch Smart mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Líìgì ńlá Amẹ́ríkà àti àjọ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn ló gbé e jáde ní 2014. Ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 85 lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọdún 13 sí 14, 95. Bí ọmọ tí kò ju ọdún 14 lọ bá ju 21 sí 35, ó gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ kan kó tó tún jù. Láti 36 dé 50, ọjọ́ méjì. Láti 51 dé 65, ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ti tó 66, ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó ju bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ lọ máa gbà á lẹ́yìn nínú ìdíje kan náà. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, omi sì lé sójú mi.

Ní oṣù kẹrin wa níbẹ̀, àwọn ọmọ ńlá ń múra ìdíje pẹ̀lú àwọn ará Oǹdó, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn sì rìnrìn àjò. Ọmọ mi ti pé 13, ó ti ga jù mí lọ, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dún wọnú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń gbà á. Mo lọ bá kóòṣì pé ẹ jẹ́ kó dán an wò. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tó." Inú mi ò dùn. Mo pe àbúrò mi tó wà ní Houston, tó fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó ní ọmọ tó bá dára, kí wọ́n gbé e sókè ni, pé Dwight Gooden tó ń ju bọ́ọ̀lù wọ New York Mets, ẹgbẹ́ kan ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà, lọ́mọ ọdún 19 ní 1984, ó yọ ẹni 276 lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ (ìyẹn àwọn tó mú igi tí wọn ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá), lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó borí ìdíje 24, ó pàdánù mẹ́rin péré. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá kóòṣì ní Sátidé kejì bí ẹni gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù.

Ó gbọ́ mi tán pátá. Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ kí n bi àbúrò mi ohun tí Gooden ń ṣe ní 1983. Ní Lynchburg ló wà, nínú líìgì kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ó ju ìníǹgì 191 níbẹ̀ (abala ìdíje ni ìníǹgì), ó sì yọ ẹni 300. Iṣẹ́ tó ti ṣe ni wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ló sọ ti David Clyde fún mi, ẹni tó jẹ́ pé Houston tí àbúrò mi ń gbé gan-an ló ti ṣe ilé-ìwé girama. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá yàn ní 1973. Ọmọ ọdún 18 ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, nígbà tí kò tíì pé oṣù kan tó jù kẹ́yìn fún ilé-ìwé rẹ̀, ẹgbẹ́ Texas Rangers gbé e jáde kó ju bọ́ọ̀lù sí ẹgbẹ́ Minnesota Twins. Èrò tó lé ní 35,000 wá wò ó. Ó ju ìníǹgì márùn-ún, ó yọ ẹni mẹ́jọ, ó sì fún ẹni méje láàyè láti rìn lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí. Ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ ni pé bó bá ti ju ìdíje méjì tán, yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní líìgì kékeré. Owó ẹnu ọ̀nà dùn mọ́ ẹni tó ni ẹgbẹ́, wọn ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí èjìká rẹ̀ nígbà tó yá. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó jù kẹ́yìn ní líìgì ńlá ní 1979. Ó ti borí 18, ó ti pàdánù 33.

Mo bi kóòṣì bóyá ẹni tó bá rọra ń lọ kò ní ṣèṣe rárá. Mo fẹ́ràn bó ṣe dá mi lóhùn, torí kò parọ́ fún mi. Ó ní ẹlòmíì tó ń ju bọ́ọ̀lù, Stephen Strasburg, kọ́kọ́ jù ú ní líìgì kékeré kí ẹgbẹ́ líìgì ńlá ti Washington tó gbé e jáde ní oṣù kẹfà 2010. Ẹni 14 ló yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti ń la ìgúnpá rẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí ìgúnpá ẹnikẹ́ni fún yín, Mọ́mì. Ohun tí mo lè ṣe ni pé mi ò ní jẹ́ kó jẹ́ ìkánjú ló bà á jẹ́."

Mo bi í pé kí ló wá ń wò kó tó gbé ọmọ sókè. Ó mú mi dúró sẹ́yìn ọmọ mi, ó ní kí n máa wo ìgúnpá rẹ̀ nìkan. Bọ́ọ̀lù 20 àkọ́kọ́, ìgúnpá náà wà ní ibi kan. Nígbà tó máa fi tó 40, ó ti ń já wálẹ̀, apá náà ń wọ́ tẹ̀ lé ara. Mo rí i kedere bí mo ṣe máa ń rí apá aṣọ tí kò dọ́gba. Kóòṣì ní bí ìgúnpá yẹn bá ti dúró sójú kan títí dé ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹn ti ju bí bọ́ọ̀lù ṣe yára lọ lójú òun. Ó tún fẹ́ kó ní bọ́ọ̀lù kejì, èyí tí apá máa yára bíi ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ jẹ́jẹ́, kó sì lè jù ú síbi tó yẹ nígbà tí nǹkan le. Ní ti bọ́ọ̀lù tó máa ń tẹ̀ lójú ọ̀nà (curveball), kò tíì kọ́ ọ ní ìyẹn. Àti pé ó ń wo ojú ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ réré: ṣé á bínú, kó wá fẹ́ fi gbogbo ara ju èyí tó kàn, àbí á mí, á sì padà síbi tó dúró.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, torí mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú wọn mọ ẹ̀rọ wà ju gbogbo wọn lọ. Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀, mi ò sì tíì fún un ní léèsì oníbàárà kó gé. Ìránṣọ tí kò dáa ṣeé tú. Léèsì tí sáàsì ti kọjá lára rẹ̀, ẹ ò lè dá a padà. Ara aṣọ àlòkù ló ti ń gé báyìí, ó ń gé e dáadáa, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí oníbàárà dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mo mọ èyí nípa ọmọ ọlọ́mọ, mo wá ń fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ tèmi gé léèsì.

Àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ wà. Kò sí ibòji, àwa òbí ń jókòó sínú oòrùn. Ìbọ̀wọ́ wọn ò tó, ọmọ mẹ́ta ń pín ọ̀kan lò, èyí tó bá sì já, okùn bàtà ni wọ́n fi ń so ó. Mo ti bá wọn rán méjì. Bí òjò bá ń ṣú, wọn kì í tètè fi ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp pé kò sí ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti san owó kẹ̀kẹ́ lásán. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì àyàfi téèyàn bá béèrè. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka bọ́ọ̀lù ju ẹnì kan lọ, torí lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ò wá, kóòṣì ló ń kà á fúnra rẹ̀, iṣẹ́ yòókù sì ń dúró. Nínú 10, mo fún wọn ní 8.

Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ọmọ mi ti ń jù ú báyìí. Mo ti wọ̀n ọ́n: tépù 10 gééré. Ní Sátidé tó kọjá, kóòṣì jẹ́ kó ju ìníǹgì kan fún àwọn ọmọ ọdún 15, láti ibi tiwọn. Bọ́ọ̀lù 22 ló jù. Wọ́n gbá méjì nínú rẹ̀, ó yọ ẹnì kan, ìgúnpá rẹ̀ ò já wálẹ̀. Mo ń dúró pé wọ́n á fún un ní ìníǹgì kejì, ọmọ náà ń wo kóòṣì, kóòṣì fa ìlà sábẹ́ 22, ó sì pa ìwé dé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọwọ́ ọ̀tún ló fi jẹ iyán.

Bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ tètè dé kí aago méje ààbọ̀ tó lù, ẹ mú omi dání, ẹ mú àga tiyín dání, ẹ sì ti rántí iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín jù kẹ́yìn, torí wọ́n máa bi yín.