Ewédú àbí ẹ̀fọ́ rírò fún ẹni tí kò fẹ́ràn ewé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dín ìsanra kù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ewé rárá. Gbé ẹ̀fọ́ rírò síwájú rẹ̀, yóò fi ìka ṣa ṣọkọ sí etí abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá fi epo àti pọ̀nmọ́ jẹ iyán. Epo yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣíbí ńlá kan nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi kálórì 120, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò kì í gba ṣíbí kan péré. Ọbẹ̀ gidi ni o, àmọ́ fún ẹni tó bá máa jẹ ewé inú rẹ̀.

Ewédú kò gba epo. Omi díẹ̀, irú, iyọ̀, kaun bín-ín-tín. Tí ewé bá ti rọ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ já a nínú ìkòkò títí yóò fi máa yọ̀. Kò sí ewé tí ìka lè ṣa mọ́, kò sì sí èyí tí eyín máa rún.

Àmàlà ni kí ẹ ṣọ́. Ewédú máa ń mú òkèlè yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kí èèyàn tó mọ̀, ó ti béèrè òmíràn. Ọbẹ̀ ata tí òróró léfòó lójú rẹ̀ náà tún lè dá epo tí a sá fún padà.

Fún ọmọ yìí, ewédú ni mo yàn: ìgbákọ méjì, àmàlà ẹyọ kan, ẹja. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó gíráàmù 400 lójúmọ́, nítorí náà mo fi ọsàn àti ìbẹ́pẹ kún un. Ìyẹn kò fa ìjà.