Bọ́ọ̀lù Bowling Àlòkù Mẹ́ta Tí Mo Rà, àti Tuntun Kan: Èwo Ló Tó Owó Rẹ̀?

Dọ́là 45 ni ẹni tó ń tà á pè é, mi ò sì ná an rárá. Bọ́ọ̀lù bowling ni, eré tí à ń yí bọ́ọ̀lù wíwúwo lórí léènì, ìyẹn ojú ọ̀nà gígùn tó ń yọ̀, láti wó igi mẹ́wàá tó wà ní ìparí rẹ̀ lulẹ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní reactive ni, èyí tó máa ń yà bó bá ń lọ, aláwọ̀ aró tó ń dán, pọ́n-ùn 14, ìwọ̀n tí ọwọ́ mi mọ̀. Nígbà tó jáde, mi ò rí ibi tí wọ́n ti tà á kéré sí 180 dọ́là. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Mo sanwó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo sì sùn bí ẹni tó ra odidi ẹran màlúù ní owó ẹja wẹ́wẹ́. Kí n tó lè yí i lórí léènì nínú líìgì wa, owó tí mo ti ná lé e lórí ti di 197 dọ́là.

Ó kéré tán, èèyàn mẹ́rin láàárín àwọn ará wa ló ti bi mí lọ́dún yìí bóyá kí àwọn ra àlòkù tàbí kí àwọn lọ mú tuntun. Ohun tí mo fi owó ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíì má bàa san owó ilé ẹ̀kọ́ kan náà.

Arlington ní Texas ni mò ń gbé. Ìlú yìí ni olú ilé iṣẹ́ USBC wà, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin bowling fún gbogbo Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré náà wà. Iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn ni mò ń ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù. Ó ní, “Àbúrò, bó o bá ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́, tó o sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sílé nìkan, wàá gbàgbé pé o ní ara.” Ọdún kẹfà mi rèé nínú líìgì alẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo ti ra tuntun kan, mo ti ra àlòkù mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn kan máa ń fi bọ́ọ̀lù àlòkù wé mọ́tò tókúnbọ̀. Kò jọ ọ́. Ìjókòó tí ẹlòmíì jókòó sí fún ọdún márùn-ún, ẹ̀yin náà á jókòó sí i kẹ́ ẹ sì wa mọ́tò yín lọ. Aṣọ tí télọ̀ rán mọ́ ẹlòmíì lára ni kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀lù bowling wé. Ihò mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: méjì fún ìka àárín àti èkejì rẹ̀, ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe dagun sí, bí ti àtàǹpàkò ṣe jìnnà sí ti ìka tó, ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ihò bá jìnnà síra ju bí ọwọ́ yín ṣe gùn lọ, ọrùn ọwọ́ á máa ro yín. Bí ihò àtàǹpàkò bá fẹ̀ jù, ẹ ó máa fún un mọ́wọ́ kó má bàa já bọ́, láàárín géèmù mẹ́ta awọ àtàǹpàkò yín á ti bó. Mo ti rí ẹni tó fi báyìí kórìíra eré náà pátápátá, tó rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n yí.

Nítorí náà, iye tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀lù àlòkù kọ́ ni iye rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí dọ́là 45 mi ṣe di 197. Owó tí wọ́n fi gbé e ránṣẹ́ jẹ́ 27, torí ohun tó wúwo ni. Nígbà tó dé, tí mo gbé e lọ fún ọ̀gá tó ń lu ihò fún wa, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ohun tí kò hàn nínú fọ́tò kankan: ihò kẹrin. Láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń lu ihò kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù láti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, USBC ti fòpin sí i. Gbogbo ihò tó bá wà lára bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìka ń wọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìsinmi, ìyẹn ò kàn yín. Ṣùgbọ́n nínú líìgì tí USBC fọwọ́ sí, bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò àfi kẹ́ ẹ dí ihò náà.

Ó dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun olómi kan tó máa ń le bí òkúta ni wọ́n ń dà sínú ihò, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gan, wọ́n á fá ojú rẹ̀ kó bá ara bọ́ọ̀lù dọ́gba, kí wọ́n tó wá lu ihò tuntun tó bá ọwọ́ yín mu. Gbogbo ìyẹn pẹ̀lú rọ́bà ìka, èyí tí wọ́n ń fi sínú ihò kí ìka lè dì í mú, jẹ́ 95 dọ́là. Ó wá ku òróró tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn náà gba 30.

Ọ̀rọ̀ òróró yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù mọ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Láti ojú ìlà tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ igi àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Nǹkan bí 40 àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi òróró pa, ìyókù á gbẹ. Bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lọ lórí òróró, nígbà tó bá wá dé ibi gbígbẹ, á dì mọ́ ilẹ̀, á sì yà wọ àárín àwọn igi. Yíyà yẹn ni gbogbo wa ń sanwó lé lórí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 tí bọ́ọ̀lù reactive ti dé ló ti yí eré yìí padà, torí pé awọ rẹ̀ ní ihò wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí, àwọn yẹn ló ń jẹ́ kó lè di ilẹ̀ mú. Ihò wínníwínní yẹn náà ló ń fa òróró mu. Bó bá ti mu ún yó, kò ní yà mọ́. Á kàn máa yọ̀ lọ gbọnrangandan, bí ẹ tilẹ̀ yí ọwọ́ yín títí.

Ọ̀gá náà gbé temi sínú ẹ̀rọ kan tó ń mú un móoru díẹ̀díẹ̀. Mo dúró wò ó. Bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Òróró ń yọ lára rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ó ń nù ún, ó tún ń yọ. Òróró géèmù ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni. Lẹ́yìn náà ó fi sáńpépà ha ara rẹ̀ kó lè gba awọ tuntun. Nígbà tí mo yí i, ó yà, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kò yà bíi bọ́ọ̀lù tuntun mi, kò sì pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bó ṣe ti pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹni yẹn, kò sí sáńpépà tó lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ohun tó dùn mí jù nípa 197 dọ́là yẹn ni pé, nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn gan-an, lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn mi, bọ́ọ̀lù tuntun kan wà nínú páálí rẹ̀, pọ́n-ùn 14, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Dọ́là 125 ni. Lílu ihò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà jẹ́ 75. Àpapọ̀ rẹ̀, 200. Dọ́là mẹ́ta péré ló fi ju ti àlòkù mi lọ, kò tíì mu òróró ẹnikẹ́ni rí.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí bí ẹ bá ń ṣírò. Gbogbo èèyàn ló máa ń fi àlòkù wé bọ́ọ̀lù tó jáde lóṣù yìí. Tèmi àkọ́kọ́ tí mo rà ní tuntun jẹ́ 189, mo san 75 kí wọ́n tó lu ihò rẹ̀, ó di 264. Tẹ́ ẹ bá gbé 45 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 264, àlòkù á dà bí ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n tuntun ọdún tó kọjá lẹ gbọ́dọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù kì í sinmi, tuntun ń jáde lórí tuntun ní gbogbo ìgbà, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù sílẹ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Àwọn kan tún wà tí àwọ̀ wọn ò dọ́gba dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, wọ́n máa ń tà wọ́n ní ẹ̀dínwó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti lu ihò sí wọn. Fún ẹni tó fẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń yà, ibẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo àlòkù.

Bọ́ọ̀lù oníke ní tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Òun la fi ń ṣa igi tó bá ṣẹ́ kù, pàápàá èyí tó dá dúró ní igun ọ̀tún fún àwa tá à ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí i. A ò fẹ́ kó yà. A fẹ́ kó lọ tààrà. Ike kì í mu òróró, nítorí náà èyí tó ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíì ṣì ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun, bí kò bá ṣáà ti sán. Mo rí tèmi ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, láàárín ìkòkò àti àga ọmọdé, dọ́là 8. Mẹ́ta ni wọ́n wà níbẹ̀. Mo fi èékánná mi ha àárín ihò ìka méjèèjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ sán. Lára méjì, èékánná mi kọ́ nǹkan. Mo dá wọn padà. Ti ẹ̀kẹta, ihò ìka gbà mí, ti àtàǹpàkò nìkan ló fẹ̀ jù. Wọ́n dí i, wọ́n tún un lu ní dọ́là 35. Àpapọ̀ 43. Oníke tuntun níbí, pẹ̀lú lílu ihò, ìlọ́po méjì iye yẹn ò ní tó o. Fún oníke, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì, àlòkù ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀kẹta nínú àwọn àlòkù mi ló jẹ́ kí n má lè sọ pé reactive àlòkù kò dára rárá. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí dókítà ní kí wọ́n dín ìwúwo bọ́ọ̀lù wọn kù nítorí orúnkún. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń wo bí wọ́n ṣe ń lo pọ́n-ùn 14 wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí i, wọ́n á fi aṣọ nù ún kí òróró má bàa ríbi wọlé. Bí eré bá parí, wọ́n á tún fi oògùn rẹ̀ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e sínú àpò. Wọn kì í fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò, ní Texas yìí tó jẹ́ pé búùtù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn dà bí ààrò, tí ooru yẹn sì lè sán bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba. Mo san 40 fún wọn, mo san 28 láti pààrọ̀ rọ́bà ìka àti ti àtàǹpàkò, ó parí. Dọ́là 68. Pẹ̀lú bọ́ọ̀lù yẹn, ìpíndọ́gba máàkì mi nínú géèmù kan kúrò ní 158, ó di 166 láàárín sáà kan.

Bọ́ọ̀lù yìí àti ti 197 dọ́là jọ jẹ́ reactive, ọjọ́ orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìyàtọ̀ wọn ni pé mo mọ ẹni tó ni èyí, mo mọ bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀, mo sì ti fi ìka mi sínú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà tí mi ò lè fò. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ òsì ni ẹni tó ni ín fi ń yí i. Bí ẹ bá rí òbìrí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lára bọ́ọ̀lù, wọ́n ti dí i rí nìyẹn, ẹ fi èékánná tọ etí rẹ̀ yíká. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, torí ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó wúwo kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn bọ́ọ̀lù tí USBC fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni. Nǹkan kan tún wà tó ti ń wúlò báyìí: láti ìgbà tí Jason Belmonte ará Ọsirélíà ti ń fi ọwọ́ méjì yí bọ́ọ̀lù gba ife ẹ̀yẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti ń ṣe bíi tirẹ̀, bọ́ọ̀lù wọn kì í sì í ní ihò àtàǹpàkò. Bí ihò ìka méjèèjì bá gbà yín, tí àyè tó wà láàárín wọn sì bá yín mu, ihò kan ṣoṣo lẹ máa sanwó lílù rẹ̀.

Sáà tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá yẹn pè mí lánàá pé àwọn tún rí bọ́ọ̀lù pọ́n-ùn 14 kan tí àwọn ti gbàgbé sínú gáréèjì. Ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí gáréèjì yẹn nítorí ooru. Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń lọ wò ó, màá mú tọ́ọ̀ṣì dání, mi ò sì ní sanwó kí n tó fi èékánná mi tọ gbogbo ara rẹ̀.