Iyán Wọn Dáa, Ojú Ẹni Tó Ń Bu Ọbẹ̀ Ló Kù

Ilé oníyán kan wà nítòsí Ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà tí àwọn ọlọ́jà àti awakọ̀ máa ń rọ́ gììrì lọ lọ́sàn-án. Iyán ibẹ̀ kúnná, kò ní kókó. Odó ni wọ́n fi ń gún un, iṣu sì ń bọ́ sódó nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, torí iṣu tó bá ti tutù kí ọmọ odó tó bà á ló máa ń so kókó. Ẹ̀gúsí wọn ki. Ẹran ìgbẹ́ wà, àmọ́ ó tètè máa ń tán.

Ẹni méjì ló ń gún odó kan. Ẹ tẹ́tí sí wọn: ti ọ̀kan ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Wọn kì í kà á, ara wọn ló ń gbọ́ ara wọn. Bí inú bá ń bí ọ̀kan, á máa sáré, èkejì náà á bá a sáré láìmọ̀, kò sì ní pẹ́ tí ọmọ odó méjèèjì á fi kọlu ara wọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù wọn wà.

Láàárín aago kan sí mẹ́ta, ẹni tó ń bu ọbẹ̀ máa ń fajú ro. A ò bá a wí: iná ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, èrò ń bẹ níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ràn. Oníbàárà kan á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá." Òun á ní, "Èló?" Ohùn oníbàárà á le, á ní ẹran òun kéré. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbọ́. Kó tó kàn án, òun náà ti lejú. Nígbà tó bá máa fi kan ẹni kẹrin, ìjà ṣéńjì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹran ò sì kéré o: bí wọ́n ṣe ń gé e láago mọ́kànlá náà ni.

Ojú ló ń gbà wọlé. Ní 2000, olùwádìí kan, Ulf Dimberg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi àwòrán ojú tó ń bínú han àwọn èèyàn, ó yára débi pé wọn ò mọ̀ pé àwọn rí i. Síbẹ̀, iṣan tí wọ́n fi ń fajú ro fà. Nígbà tí ojú tó ń rẹ́rìn-ín kọjá, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fà.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà kò ṣàìmọ èyí. Láyé àtijọ́, oníṣòwò aṣọ wọn tó tà láwìn á lòṣó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á lejú, títí ara gbogbo ilé á fi máa gbóná, tí wọ́n á sì wá owó náà. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló tí wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà ti wá. Ṣùgbọ́n gbèsè kọ́ ni oníbàárà tó wá jẹun wá san.

Inú dídùn náà ń ràn. Ní 2002, Sigal Barsade ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde: ó fi òṣèré kan sáàárín àwọn tó ń jíròrò bí wọ́n á ṣe pín owó àjẹmọ́nú. Níbi tí òṣèré náà ti ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pọ̀ sí i, aáwọ̀ sì dínkù. Ilé oníyán yìí ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin tó ń gbé omi ìfọwọ́. Ó ń kí oníkálukú, ó ń dúró gbọ́ èsì, tábìlì tó bá sì ti yà sí máa ń tújú ká.

Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ọmọ náà sí. Kí wọ́n gbé e wá síwájú ìlà, kí ẹni tó wọlé kọ́kọ́ bá a pàdé. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹni tó ń bu ọbẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, kó lọ gba atẹ́gùn, kó mu omi. Kí wọ́n kọ iye owó ẹran sára pátákó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má fipá mú ẹni tó ń bu ọbẹ̀ rẹ́rìn-ín: ẹ̀rín àfipáṣe máa ń rẹ ẹni tó ń rín in, ẹni tó ń wò ó sì ń mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, bí ẹni tó ṣíwájú yín bá ti jà, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ rọra sọ ọ́, ẹ má gbé ohùn sókè. Ẹ jókòó sí apá ibi tí wọ́n ti ń gúnyán, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò ọbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, ojú ò tíì ro, ẹran ìgbẹ́ náà á ṣì wà.