Ẹyin Awó, Ẹyin Àparò, Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé ní Adó-Èkìtì?

Nínú ẹyin mẹ́ta tí kì í ṣe ti adìyẹ tí ẹ lè rí rà ní Adó-Èkìtì, ẹyin awó ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ wa, pàápàá lásìkò òjò. Ẹyin àparò dára, àmọ́ owó tí wọ́n ń dá lé e ti pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ń ṣe kéèkì ló sì wúlò fún jù.

Ẹyin awó kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 40, nígbà tí ti adìyẹ kéèjì jẹ́ 55 sí 60. Ó kéré, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ pọ̀ ju bí ẹyin náà ṣe tóbi lọ, ó sì ki. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó le, òun ló jẹ́ kó lè ti Òkè Ọya bá ọkọ̀ wá dé Ọjà Ọba láìfọ́. Awó kì í yé yípo ọdún bíi adìyẹ kéèjì. Òjò ló ń tẹ̀ lé, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Bí ẹ bá wá rí i lọ́jà nínú ọyẹ́, ẹ bi ìyá ọlọ́jà léèrè ìgbà tó dé, kí ẹ sì dán an wò.

Omi tútù nínú abọ́ jíjìn ló ń dán an wò. Èyí tó bá sùn gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ ṣì tuntun. Èyí tó bá nàró, tí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ kọjú sókè, ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé sè. Èyí tó bá léfòó, ẹ dá a padà. Omi inú ẹyin ló ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo jáde lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba ipò rẹ̀ níbi ìdí tó fẹ̀ yẹn.

Bí omi bá ti hó, ìṣẹ́jú 8 sí 9 ti tó fún un. Ní ti àwọn tó ń sè é tà ní gáréèjì, àwọ̀ ewé tó máa ń yí pupa rẹ̀ ká kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Ó pẹ́ jù lórí iná ni, irin inú pupa ẹyin ló pàdé imí-ọjọ́ inú funfun. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti sán, tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀, ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Ó kan ẹyin àparò, ìyẹn quail tí wọ́n ń sìn nínú kéèjì. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló mú un wọ Nàìjíríà lọ́dún 1992. Ẹyin kan kò ju gíráàmù 10 sí 12 lọ, nítorí náà márùn-ún ló tó ẹyin adìyẹ kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣírò iye ẹyọ márùn-ún, kí ẹ fi wé iye ẹyin adìyẹ kan lọ́jọ́ náà. Bó bá ti ju ìlọ́po méjì lọ, a ò rò pé ó yẹ ní rírà fún oúnjẹ ojoojúmọ́. Kì í ṣe oúnjẹ ẹyẹ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n: àparò ń jẹ gíráàmù 20 sí 25 lóòjọ́, adìyẹ ayéyin ń jẹ nǹkan bí 115, bí ẹ bá sì fi wé ìwọ̀n ẹyin tí kálukú ń yé, wọ́n súnmọ́ra gan-an.

Ohun tí àwọn kan ń sọ láti fi tà á ló ń bí wa nínú jù, pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Nínú gíráàmù 100, purotéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 13, ti adìyẹ 12.6. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ tó míligíráàmù 840, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po méjì ti adìyẹ. Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì. Ẹ má sì mu ún ní tútù, torí kòkòrò salmonella lè wà nínú rẹ̀ bó ṣe lè wà nínú ẹyin yòówù.

Bí ẹ bá fẹ́ sè é, ìṣẹ́jú 4 sí 5 nínú omi híhó, lẹ́yìn náà omi tútù kíákíá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ èèpo rẹ̀ yi ju èèpo fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi ìdí tó fẹ̀ kan tábìlì, kí ẹ ti ibẹ̀ mú awọ náà dání bó o. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo. Èyí tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan rọrùn jù. Fún dídín, ọ̀bẹ kékeré ni kí ẹ fi gé ìdí rẹ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èérún èèpo á kún inú abọ́.

Ẹ wo ara ike kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n kó ẹyin sí lára la fara mọ́. Ẹ yẹra fún ti fìríìjì ṣọ́ọ̀bù tí iná ń lọ tó ń bọ̀: ẹyin á máa làágùn, omi yẹn á sì máa gbé kòkòrò wọ inú ihò èèpo. Èyí tó wà lórí pẹpẹ níbi tó tutù sàn ju ìyẹn lọ, bí ẹ óò bá jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ó wá kan ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ṣáínà ló ń pèsè ẹyin tí kì í ṣe ti adìyẹ jù lágbàáyé, ti pẹ́pẹ́yẹ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Irú pẹ́pẹ́yẹ ayéyin tiwọn kì í sábà sàba. Ṣùgbọ́n irú pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ń pè ní Muscovy ni púpọ̀ nínú èyí tó ń rìn káàkiri àgbàlá ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ó máa ń yé bíi 8 sí 15, á sì sàba lé e fún ọjọ́ 35. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ín kì í fẹ́ ta ẹyin rẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí èyí tí ẹ bá rí rà fi lè ti ní ọmọ nínú. Nínú òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ gbé ìdí ẹyin tó fẹ̀ lé e. Bí iṣan pupa bá tàn káàkiri inú rẹ̀ bí gbòǹgbò, ẹ má rà á.

Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 70, nítorí náà mẹ́ta lè dípò ẹyin adìyẹ mẹ́rin nínú kéèkì. Iná kékeré ni kí ẹ fi dín in, torí funfun rẹ̀ tètè ń yi. Bó bá jẹ́ síse ni, ìṣẹ́jú 10 sí 12, kí pupa rẹ̀ le délẹ̀.